Ọrùn Ń Dun Másùn

Ẹ sún mọ́ tòsí, ẹ jàre. Ìwọ tó ń fọ abọ́ lọ́hùn-ún, gbé kànìnkànìn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fa àga yín síwájú, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wúkọ́ nígbà tí mo bá dé ibi tó dùn, oníkọ́ ọ̀hún ló máa parí ẹ̀ fún wa.

Àlá ni mo fẹ́ rọ́. Ẹ má tíì máa wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, èmi kọ́ ni mo lá a. Èmi, bí mo bá ti sùn, òkúta ni mí. Mojírayọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló lá a, kò sì lá a lóru àná bí àwọn ọmọlúàbí ṣe ń lá tiwọn. Ọ̀sán gangan ló lá a, lórí bẹ́ǹṣì, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Mojírayọ̀ ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ìwòsàn nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí mi ò ní dárúkọ. Òun àti Fọlárìn, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ni wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀rọ kan. Ṣẹ́ ẹ mọ dírípù, omi tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára, tí wọ́n á gbé kọ́ orí irin, táá máa kán tó, tó, tó? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Nọ́ọ̀sì kan, aláìsàn ọgbọ̀n! Ẹ̀yin ẹbí lẹ máa jókòó tì í, tẹ́ ẹ ó máa wòkè bí ẹni tó ń retí òjò.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá Mojírayọ̀ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Mojírayọ̀ ló ń ṣọ́ omi. Ọmọ sùn lọ. Omi tán. Ẹ̀jẹ̀ ń gun ọwọ́ rọ́bà pa dà sókè. Ìyá aláìsàn ló pàpà jí, ló figbe ta: "Mojí! Omi ti tán, o tún ti sùn lọ!" Gbogbo wọ́ọ̀dù jí. Àwọn tó ti ń kú lọ pàápàá dúró gbọ́. Ara ìyá yá, ẹ bá wa dúpẹ́, àmọ́ kò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ gbàgbé. Bí ọbẹ̀ bá jóná nílé wọn, o tún ti sùn lọ. Bí òjò bá pa aṣọ tí wọ́n sá, o tún ti sùn lọ.

Ìdí nìyẹn tí Mojírayọ̀ fi ní òun máa ṣe ẹ̀rọ tí kì í sùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Másùn. Àpótí kékeré kan ni, tí wọ́n dè mọ́ orí irin gíga, ìkọ́ wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń gbé omi kọ́. Gbogbo ohun tó bá wà lórí ìkọ́ yẹn ni Másùn ń wọ̀n. Tí omi bá ti ń tán lọ, tí ìkọ́ fúyẹ́, ẹ̀rọ á pariwo. Ariwo wo? Ohùn ìyá Mojírayọ̀ ni wọ́n gbà sínú ẹ̀. Fọlárìn ló ní kò sí fèrè kan láyé yìí tó lè jí Mojí bí ohùn yẹn.

Wọ́n ti jìyà lórí Másùn. Òṣùwọ̀n tí ìyá Fọlárìn fi ń wọn ìyẹ̀fun ni wọ́n tú kí wọ́n tó rí ohun tó ń wọn nǹkan nínú ẹ̀, ìyá náà ṣì ń wá òṣùwọ̀n ẹ̀ títí di òní. Àpótí fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Mátírọ̀nì Ọlátẹ́jú tó wá láti ọsibítù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá jókòó sí wọ́ọ̀dù wa ná kẹ́ ẹ tó ṣe é tán. Ẹ ò mọ ojú tí irin yẹn ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa." Wọ́n ní, "A ti gbọ́ mà." Wọn ò lọ.

Síbẹ̀, Másùn pariwo fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìṣì. Àfi lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó yadi. Omi tán, kò fọhùn. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n pààrọ̀ bátìrì, Fọlárìn tún gbogbo ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà kọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dákẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, Tọ́sìdeè, aago méjì ọ̀sán, ni àwọn ọ̀gá máa wá wò ó. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló fẹ́ díje, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa jẹ́ kí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù lọ dánwò. Àwọn kan tí wọ́n ṣe fáànù tó ń lé ẹ̀fọn ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń yan kiri.

Mojírayọ̀ ní ẹ̀bi Fọlárìn ni. Ẹ̀bi méjì ló tún kó lé e lórí, torí ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn náà ni gàrí kọ́ńgò kan àti kúlíkúlí tó gbé wá láti ilé di àwátì. "Èèrà ibí yìí pọ̀ lóòótọ́," ló wí, "àmọ́ èèrà wo ló ń gbé kọ́ńgò?" Fọlárìn búra, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ètè. Mojí ò gbà.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, Tọ́sìdeè pé. Aago kan kọjá díẹ̀. Wọ́n ti gbé omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kọ́ Másùn, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, tó kẹ́yìn sí ògiri nítorí ihò iná kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́. Mojí tí ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ Mọ́ńdè ní kí òun kàn gbórí lé bẹ́ǹṣì fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ wá gbọ́.

Bó ṣe gbórí lé e báyìí, Másùn wúkọ́.

"Mojí," ló wí, "ọrùn ń dùn mí."

Mojí ò bẹ̀rù. Ohun téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kí ló kù nínú ẹ̀ tó fẹ́ dẹ́rù bà á? Ohun tó kàn dà á láàmú ni pé òun ló ṣe Másùn, ohùn ìyá ẹ̀ ni Másùn sì fi ń sọ̀rọ̀. Ṣé kó pè é ní ìwọ ni, àbí kó pè é ní ẹ̀yin? Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó fàbọ̀ sí ẹ̀yin.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Látìgbà wo?"

"Láti Mọ́ńdè."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ?"

"Mò ń sọ. Wáyà mi lẹ̀ ń yọ. Èèyàn ní ọrùn ń dun òun, ẹ tú ìfun ẹ̀ síta."

Mojí rí i pé òótọ́ ló sọ. "Ṣé kí n fi róòbù pa á fún yín?"

"Róòbù ló ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀? Gbé mi lọ sí ọsibítù jàre."

Mojí bá tú ìró, ó pọ̀n ọ́n. Irin gíga yẹn, tó ga ju òun fúnra ẹ̀ lọ, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó gbá ọ̀já mọ́ ọn, ẹsẹ̀ irin ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀. Àwọn tó pàdé lọ́nà ń kí i kú ọrẹ Ọlọ́run. Ó ń dáhùn, ó ń ṣàmín.

Ní géètì ọsibítù, géètì fúnra ẹ̀ ló dá a dúró. "Níbo ni ìwé yín wà?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé àwọn tó ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan ò lè wọ ibí láìgba ìwé lọ́dọ̀ wọn."

"Níbo ni ọ́fíìsì wọn?"

Géètì wòkè. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nìyẹn. Sáré, wàá bá a ní pápá bọ́ọ̀lù."

Lóòótọ́, ọ́fíìsì ń fò lọ lókè pápá, tòun ti wíńdò àti bàbá kan tó ń yọjú tutọ́. Ọwọ́ rọ́bà dírípù kan ló so rọ̀ láti abẹ́ ẹ̀ wá sílẹ̀. Mojí dì í mú, ó gba inú ẹ̀ gun òkè. Àárín rọ́bà tutù díẹ̀, àmọ́ kò burú.

Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ de táì, ó gbé awò ojú sí ṣóńṣó imú.

"Ẹ káàsán sà."

"Ta ni aláìsàn?"

"Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn mi yìí ni sà."

"Ó gbà kí wọ́n tọ́jú òun?"

"Ó gbà sà."

"Ó fọwọ́ sí i?"

"Kò lọ́wọ́ sà."

"Ẹni tí ò bá lọ́wọ́, kó mú ẹlẹ́rìí méjì wá tí wọ́n lọ́wọ́ mẹ́rin." Ó já fọ́ọ̀mù sílẹ̀, fọ́ọ̀mù ga dé àyà Mojí. "Ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún iná."

"Iná náà sà?"

"Kí iná kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ní lọ."

Mojí gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa gba ìwé lọ́wọ́ iná. Ó jókòó, ó kọ gbogbo ẹ̀, ó dìde pé kó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, ọ̀gá ti hu irùngbọ̀n. Ká tó ṣẹ́jú, ìwo ti yọ. Ká tó tún ṣẹ́jú, ọ̀gá ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, kò yẹ̀ lójú kan. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó fi eyín fà á ya, ó ń jẹ ẹ́.

"Ẹ rọra sà," ni Mojí wí, "pínnì wà ní igun ẹ̀."

"O ṣé, ọmọ dáadáa." Òbúkọ jẹ ẹ́ títí, ó dijú, ó ronú. "Ojú ìwé kìíní dáa. Ojú ìwé kejì ò níyọ̀. Ẹ lọ tún un kọ."

"Sà, aago méjì òní la máa fi hàn."

"Aago méjì òní ọdún wo?"

Àwọn akọ̀wé tó wà lábẹ́ tábìlì bú sẹ́rìn-ín: mẹ́ẹ̀ẹ́! Mojí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Òbúkọ wá ṣàánú ẹ̀, ó gbé pátákò, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú níwájú orí, kó! "Ó tó lọ. Ìbéèrè kan ló kù. Kí ló wà lọ́rùn aláìsàn yìí?"

"Kò sí nǹkan kan sà. Omi nìkan ni."

Òbúkọ yọ awò ojú. Ó wò ó, ó wò ó. "Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ló wí, ló bá kọjú sí fáìlì mìíràn tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé.

Ilẹ̀ ọ́fíìsì là. Mojí bá inú rọ́bà sọ̀kalẹ̀. Kò já lulẹ̀ o, ó ń kán ni. Orí kọ́kọ́ kán, tó. Èjìká kán, tó. Nígbà tí ẹsẹ̀ fi máa kán tẹ̀lé e, orí ti kí àwọn tó wà nílẹ̀ tán.

Ta ló wà nílẹ̀? Ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni, èyí tó ń yọ́ okùn rọ́bà, tó fi ń mọ nǹkan, tó ń mọ àpótí Másùn fún wọn. Ó hùyẹ́. Ó jókòó sórí koríko, ó ń sàba.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àpótí Másùn ti sán. Ẹ bá wa mọ òmíràn."

"Ṣó ò rí i pé mo wà lórí ẹ̀ ni? Má dá mi lágara, ẹyin á bàjẹ́."

"Ó ku wákàtí mélòó?"

"Tí iná bá wà, mẹ́rin. Tí iná bá lọ, ọmọ tó o máa bí ló máa wá gbà á."

Bó ṣe ní "iná" báyìí, iná lọ. Oòrùn náà lọ, torí orí wáyà kan náà ni wọ́n wà. Nínú òkùnkùn, ẹ̀rọ pariwo kọ̀kọ̀kọ̀, ó dìde, ó fi nǹkan lé Mojí lọ́wọ́. "Gba èyí ná. Ìdérí ni. Ohun tó máa dé, kẹ́ ẹ wá a fúnra yín."

Mojí dúpẹ́ gan-an. Ó gbé ìdérí lé Másùn lórí bíi fìlà. Ó bá a mu.

"Mojí," ni Másùn wí lẹ́yìn ẹ̀, "kò dúró o. Ọrùn yìí ń já lọ."

"Ẹ fara dà á mà, a ti dé."

Òótọ́ ni, wọ́n ti dé. Oòrùn padà wá, wọ́ọ̀dù ló wà lójúkojú wọn. Àwọn irin dírípù ló sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara, àwọn èèyàn ló nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fọwọ́ gbé omi sókè. Mátírọ̀nì Ọlátẹ́jú ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ kan iwájú orí àwọn irin bóyá ara wọn gbóná. Irin àkọ́kọ́ gbé kúlà oúnjẹ méjì kọ́rùn, pẹ̀lú agboòrùn, ìró, rédíò kan tó ń ka ìròyìn, àti adìyẹ kan láàyè tó ní kí wọ́n bá òun dín rédíò kù.

"Kí ló ń ṣe àwọn wọ̀nyí, mà?"

"Ọrùn," ni Mátírọ̀nì dáhùn. "Mo ní kẹ́ ẹ wá wò wọ́n, ẹ ò wá. Àwọn ẹbí aláìsàn ò fẹ́ kí èèrà wọ oúnjẹ wọn. Ta ló fẹ́ ẹ? Ìṣó ò sí lára ògiri. Ṣé òfuurufú ni kí wọ́n gbé e kọ́?"

Láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan ń pè é. Fọlárìn ni. Ó ti di wáyà pupa, wọ́n ti lọ́ ọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mojí, mi ò jẹ gàrí ẹ o."

"Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Má bi mí ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́. Iná nìkan ni mò ń jẹ báyìí, òun náà ò dé láti àná."

Kí Mojí tó dá a lóhùn, aago méjì sáré wọlé, ó gbó lẹ́ẹ̀mejì bí ajá, ó jókòó sídìí ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀gá tẹ̀lé e, òbúkọ mẹ́rin, tí wọ́n wọ gáùn. Àwọn tó ṣe fáànù náà wọlé. Ẹ̀fọn ni gbogbo wọn, wọ́n wọ kóòtù funfun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

"Ẹ jẹ́ kó fọhùn," ni òbúkọ tó ṣáájú wí.

Ibẹ̀ ni Mojí ti rí i pé irin kọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ̀yìn. Ìyá ẹ̀ ni. Omi tó wà lókè ti ku ẹ̀kán kan, ẹ̀kán yẹn sì ti di ẹnu rọ́bà mú, ó ń wo Mojí bí ẹni pé, ṣé kí n máa bọ̀?

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rù ba Mojí nínú àlá yẹn. Ó ní, "Másùn, ẹ pariwo!"

"Mi ò lè pariwo. Wo ẹ̀yìn mi."

"Ẹ pariwo ná, màá wò ó tó bá yá!"

"Àtàárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ. Wo ẹ̀yìn mi!"

Mojí yí padà kó wò ó. Másùn yí pẹ̀lú ẹ̀. Ó yí sápá òsì, Másùn yí. Ó yí sápá ọ̀tún, Másùn yí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló lè rí ẹ̀yìn ohun tó pọ̀n? Ó ń yí, ó ń yí bí òkòtó, àwọn òbúkọ ń fi pátákò lulẹ̀ fún un, ẹ̀kán omi jọ̀wọ́ ẹnu rọ́bà...

"Mojí! Dìde! Wọ́n ti dé!"

Fọlárìn ló ń mì í. Kì í ṣe wáyà mọ́. Mojí dìde, itọ́ ti gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, orí ìṣó bẹ́ǹṣì ti tẹ òǹtẹ̀ roboto sí i níwájú orí. Àwọn ọ̀gá mẹ́rin ti to sẹ́nu ọ̀nà, Mátírọ̀nì Ọlátẹ́jú wà láàárín wọn. Èyí tó ṣáájú, Dókítà Arówólò, ní irùngbọ̀n funfun, ó ń run orín láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bọ́ sí ìkejì. Mojí kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú ẹ̀ ò kúrò lórí irùngbọ̀n yẹn.

"Omi yìí ti tán," ni Dókítà wí. "Ẹ̀rọ yín ò fọhùn?"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé..." Fọlárìn bẹ̀rẹ̀, òógùn ti bò ó.

"Kò fọhùn." Dókítà gbé bírò.

Mojí fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ó rìn lọ bá Másùn, ó fọwọ́ méjèèjì gbá irin yẹn mú lọ́rùn, ó yí i po, ẹ̀yìn di iwájú.

Náílọ̀nù dúdú kan ló so rọ̀ sára ìkọ́, lẹ́yìn, níbi tí ògiri ti bò ó. Ó wúwo, ó rọra ń mì.

Mátírọ̀nì pàtẹ́wọ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí?"

Mojí yọ ọ́ kúrò lórí ìkọ́.

"MOJÍ! OMI TI TÁN, O TÚN TI SÙN LỌ!"

Orín bọ́ lẹ́nu Dókítà. Ọ̀gá kan tó ti ń tòògbé lẹ́yìn fò dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn oní-fáànù wo ara wọn. Másùn ò dákẹ́ títí Fọlárìn fi lọ yọ wáyà ẹ̀, nígbà yẹn, Dókítà Arówólò ti rẹ́rìn-ín dé ibi tó ń fi gáùn nu ojú.

"Ẹ gbé e fún mi," ni Mátírọ̀nì wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e wá sí wọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìkọ́ kejì sí i lára, tí ò ní wọn nǹkan kan. Ti oúnjẹ. Èèyàn wa ò ní yé gbé nǹkan kọ́, ẹ̀rọ ni kó gba fún wọn." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, kò jẹ ẹ́.

Ara Mojí wá balẹ̀. Ara tó balẹ̀ ló ń wá ìjà. Ó gbé náílọ̀nù sókè níwájú gbogbo wọn, ó kọjú sí Fọlárìn.

"O rí ayé ẹ? Mo tún gbogbo nǹkan tú, mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta! Ìwọ lo gbé ẹrù ẹ kọ́ Másùn lọ́rùn, o fẹ́ ba ayé mi jẹ́. Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

"Tú u wò," ni Fọlárìn wí, jẹ́ẹ́.

Ó tú u: gàrí kọ́ńgò kan àti kúlíkúlí tiẹ̀ ni, bí òun fúnra ẹ̀ ṣe gbé e kọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè nítorí èèrà.